Èsì lórí “àrùn ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ”: ẹ jẹ́ ká yọ àrùn kúrò níbẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo rí àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá fún ìwé pélébé tí àwọn nọ́ọ̀sì fẹ́ pín fún àwọn ìyá ọlọ́mọ: kí a pe flat foot, ìyẹn ẹsẹ̀ tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní kòtò, ní “àrùn ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ”, kí a sì pe insole, ìyẹn ohun tí a ń tẹ́ sínú bàtà, ní “ìwòsàn inú bàtà”. Ẹnìkan fèsì pé “ẹsẹ̀ títẹ́jú” ló yẹ, pé ohun tó bá tín-ín-rín là ń pè ní pẹlẹbẹ.

Pẹlẹbẹ kò ní wàhálà. Bó ti wù ká sọ ọ̀bẹ sókè tó, pẹlẹbẹ náà ni yóò fi lélẹ̀. Bó ṣe sùn lélẹ̀ là ń wí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ yìí: bí ẹni tó ní in bá fi ẹsẹ̀ tútù tẹ sìmẹ́ńtì, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ni yóò hàn, kò ní sí àyè gbígbẹ lápá inú.

“Àrùn” ni mo ń bá jà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ ló sábà máa ń ní, torí ọ̀rá wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, oríkèé rẹ̀ sì rọ̀. Bó bá ń dàgbà ni kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ á máa yọ. Ọ̀pọ̀ á ti ní in kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 10. Ìyá tó bá ka “àrùn”, oògùn ni yóò máa wá, wọ́n á sì ta bàtà olówó gọbọi fún un. Bẹ́ẹ̀, ìwádìí tí Rao àti Joseph gbé jáde ní 1992 lórí ọmọ 2,300 ní Íńdíà bá ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ lára 8.6 nínú 100 àwọn tó ń wọ bàtà, àti 2.8 péré nínú 100 àwọn tí kì í wọ̀ ọ́.

Ohun tó yẹ kí orúkọ wa yà sọ́tọ̀ ni rírọ̀ àti gígan. Ẹ ní kí ọmọ náà di ògiri mú, kó dúró lórí ìka ẹsẹ̀, kí ẹ sì wò ó láti ẹ̀yìn. Bí kòtò bá yọ, tí gìgísẹ̀ sì yí sínú, “ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ rírọ̀” ni. Bí kò bá dùn ún, kò sóhun tá a fẹ́ tọ́jú níbẹ̀. Bí kò bá yọ, “ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ gígan” ni, ó lè jẹ́ pé egungun méjì ló lẹ̀ mọ́ra, ọ̀dọ̀ dókítà egungun ló kàn. (Mi ò lò “líle”: ọlọ́rùn líle ni alágídí, ọrùn tó gan ni kò ṣeé yí.)

Ti àgbàlagbà tí kòtò ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wó yàtọ̀. Iṣan tó gba ẹ̀yìn kókósẹ̀ inú kọjá ló sábà máa ń bà jẹ́. “Ẹsẹ̀ wíwó” ni mo dábàá. Àwọn dókítà òyìnbó pàápàá ti fi wíwó sínú orúkọ tuntun tí wọ́n sọ ọ́ ní 2020. Ẹ pe èyí ní àrùn, mi ò jiyàn. Wọ́n á kọ́kọ́ fún un ní ìsinmi, bàtà tó ń gbé ẹsẹ̀ ró, àti eré ìdárayá bíi gbígbé gìgísẹ̀ sókè. Bí kò bá gbọ́, wọ́n lè gé egungun gìgísẹ̀ kí wọ́n sún un, tàbí kí wọ́n so oríkèé pọ̀.

Insole kì í sì í ṣe ìwòsàn. Ó lè dín ìrora kù. Bí a bá bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ padà síbi tó wà. “Ìtẹ́nú bàtà” tó mi. Ẹni tó dábàá “ìtẹ́dìí bàtà”, ẹ jọ̀ọ́, ti ọmọ ọwọ́ nìyẹn! Kí a tó fẹnu kò, ẹni tó bá ní ṣúmékà ládùúgbò, kó bi í léèrè orúkọ tí ṣúmékà náà ń pè é.