Ẹ gbà mí o! Fíìmù wo àti tíọ́rì wo ni kí n fi ṣe pírójẹ́ẹ̀tì?

Àṣàkẹ́_400L
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi tún ti dá a padà, ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyí. Wọ́n ní "ó fẹ̀ jù," wọ́n sì bá tiwọn lọ. Bí fíìmù Yorùbá ṣe ń ṣàfihàn wa ni mo ń kọ lé lórí. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ mú fíìmù àti tíọ́rì lọ bá wọn. Ẹ dákun, ẹ dárúkọ èyí tó dáa fún mi, kíákíá.

ÌlùÀyàn
"Wa" ta ni? Ọba ni, obìnrin ni, àbí awakọ̀ Mókólà? Ti ìgbà sinimá ni, ti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì ni, àbí ti Netflix? Ọ̀gá rẹ ò purọ́ mọ́ ọ o.

MamaIbeji
Ẹ jẹ́ kí ọmọ mí. Àṣàkẹ́, lọ wo Jagun Jagun. Èmi àti bàbá àwọn ìbejì ò sùn lọ́jọ́ tá a wò ó.

ÌlùÀyàn
Màmá, ohun tó máa fi kọ̀wé ló ń bèèrè.

MamaIbeji
Ṣé wọ́n ní kò ṣeé fi kọ̀wé ni?

ỌmọAwo_Òṣogbo
Àbúrò, mú babaláwo. Òun nìkan, kí o tẹ̀ lé e láti orí sinimá dé orí fóònù. Nínú Aiyé, ní 1979, Hubert Ògúndé fúnra rẹ̀ ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tó ń bá àwọn àjẹ́ fà á nítorí ará ìlú. Olùgbàlà ni nígbà yẹn. Sinimá ni wọ́n ń yà, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń fọ fíìmù rẹ̀. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ní 1986 tí náírà já wálẹ̀, apá àwọn ẹgbẹ́ eléré ò ká a mọ́, ni wọ́n bá bọ́ sórí fídíò. Fídíò ò náni lówó tó bẹ́ẹ̀, àwọn ìjọ náà wá gbé kámẹ́rà. Mount Zion ti Mike Bámilóyè ti wà ní Ifẹ̀ láti 1985. Nínú fíìmù tiwọn, pásítọ̀ ló jókòó sórí àga olùgbàlà. Babaláwo wá di aláṣọ pupa tó fi ẹfun kun ojú, tó ń rẹ́rìn-ín "hà hà hà" lórí igbá omi, tí á ní kí ẹ pe orúkọ ọ̀tá yín kó yọjú nínú omi.

Bàbá tó bí bàbá mi, aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀. Wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á ju ọ̀pẹ̀lẹ̀, wọ́n á wá máa wá gíláàsì ojú wọn kiri kí wọ́n lè rí èyí tó ṣí sókè àti èyí tó dojú dé. Mi ò gbọ́ "hà hà hà" lẹ́nu wọn rí, àfi tí Shooting bá gbá góòlù wọlé.

Tíọ́rì? Ti Stuart Hall, onímọ̀ nípa àṣà àti iṣẹ́ ìròyìn. 1973 ló ti sọ ọ́ pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ ń di ìtumọ̀ bí ẹrù, ẹni tó ń wò ó ló ń tú u. Ó lè tú u bí wọ́n ṣe dì í, ó lè mú díẹ̀ kó fi díẹ̀ sílẹ̀, ó sì lè takò ó pátápátá. Bàbá mi àgbà, atakò ni wọ́n. Tí wọ́n bá ń wo fíìmù, wọ́n á máa pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n: "Odù tí o pè yẹn kọ́ ló jáde!"

Gbọ́yìnbó
Kí ni òyìnbó Hall mọ̀ nípa Ifá?

AráPeckham
Òyìnbó kọ́ ni. Ọmọ Jàmáíkà ni, Kingston ni wọ́n ti bí i ní 1932. Laura Mulvey ni òyìnbó, òun ló kọ ọ́ ní 1975 pé ojú ọkùnrin ni kámẹ́rà Hollywood fi ń wo obìnrin. Bó bá jẹ́ obìnrin ni Àṣàkẹ́ fẹ́ wò, ìyẹn náà wà. Àmọ́ àjẹ́ inú fíìmù wa ńkọ́? Kámẹ́rà ò wo ẹwà ìyẹn o, ẹ̀rù ẹ̀ ló ń bà á.

Òjò_Ń_Rọ̀
Àṣàkẹ́, kí o tó mú ohunkóhun, gbọ́ tèmi. Fíìmù mẹ́rin orí YouTube ni mo fi ṣe pírójẹ́ẹ̀tì. Mo kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú: ìgbà tí ìyàwó kúnlẹ̀, ìgbà tó dìde, ibi tí kámẹ́rà wà. Ó ku ọjọ́ méjì kí n lọ gbèjà iṣẹ́, mo tẹ líǹkì, ojú rẹ̀ dúdú, fídíò ò sí mọ́. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ kọ́ ló ni ín, oníǹkan ti yọ ọ́. Olùdánwò tó ti ìta wá ní kí n fi han àwọn. Mo ní kò sí mọ́. Wọ́n ní, "Àbí àlá lo lá ni?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Odidi ọdún kan ni mo fi tún un ṣe.

MamaIbeji
Yéè! Ilé ẹ̀kọ́ wo nìyẹn?

Òjò_Ń_Rọ̀
Mi ò ní dárúkọ, Màmá. Mo ṣì ń wá ìwé ẹ̀rí mi níbẹ̀.

Gbọ́yìnbó
Kí ló dé tí o ò dáńlóòdù ẹ̀?

Bàbá_Kásẹ́ẹ̀tì
Olè nìyẹn! Irú yín ló pa ọjà wa ní Ìdúmọ̀tà. A ó gbé fíìmù jáde láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán wọ́n ti kó mẹ́wàá pọ̀ sínú dísìkì kan ṣoṣo, wọ́n ń tà á lábẹ́ bíríjì.

Gbọ́yìnbó
Bàbá, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kọ̀wé kọ́ ló pa ọjà yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gé fíìmù kan sí apá mẹ́rin ńkọ́?

Bàbá_Kásẹ́ẹ̀tì
Ẹnu rẹ gùn. Ta ló ń gbówó fún eléré nígbà yẹn bí kì í bá ṣe àwa?

AráPeckham
Ẹ má jà. Ti Netflix náà kì í ṣe ayérayé, bí àdéhùn bá tán wọ́n á yọ fíìmù kúrò. Prime Video tó ń náwó sí fíìmù nílé tẹ́lẹ̀, ní January 2024 ló dáwọ́ ẹ̀ dúró. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ eléré wa fi wà lórí YouTube báyìí, lórí ìkànnì tara wọn. Ṣe ni kí Àṣàkẹ́ mú èyí tí eléré fúnra rẹ̀ gbé síbẹ̀.

MamaIbeji
Ta ló ní Tí Olúwa Nilẹ̀ apá kejì?

Bàbá_Kásẹ́ẹ̀tì
Ó wà lọ́wọ́ mi, Màmá. Ojúlówó. Ẹ wá sí ínbọ́ọ̀sì.

ỌmọAwo_Òṣogbo
Ẹ dákun, babaláwo là ń sọ o.

Àṣàkẹ́_400L
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀gá mi ti pè mí. Wọ́n ní ìyá ọkọ ni kí n ṣe, òun ni ìyàwó wọn ń wò lálaalẹ́. Mo ti mú fíìmù méjì, YouTube ni méjèèjì wà. Mulvey ni mo máa lò.

ÌlùÀyàn
Mulvey fún ìyá ọkọ?

Òjò_Ń_Rọ̀
Ṣé ìkànnì eléré gan-an ni? Ṣé o ti dáńlóòdù ẹ̀?

Àṣàkẹ́_400L
Mi ò tíì wo ìyẹn, Bọ̀dá. Dátà mi ti tán. Tó bá di alẹ́ ọ̀la.