Ẹ̀yin ayàwòrán tó ń gbàdúrà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ayàwòrán ni mí, ọmọ ìjọ sì ni mí. Láti ìgbà tí mo ti rí àwọn ère ńlá tí Susanne Wenger, oníṣọ̀nà ará Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àtàwọn oníṣọ̀nà Òṣogbo mọ sínú igbó Ọ̀ṣun, odò Ọ̀ṣun tó ń ṣàn níbẹ̀ ò kúrò lójú mi mọ́. Àwòrán yòówù kí n bẹ̀rẹ̀, omi ló ń dà. Àwọn ará ìjọ ní òrìṣà ni mò ń bọ. Èmi ò gbà. Ọlọ́run ni mò ń bá sọ̀rọ̀ nídìí búrọ́ọ̀ṣì.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti ya irú èyí rí tí ìjọ rẹ̀ sì gbà á? Kí lẹ sọ fún wọn? Tí ẹ bá sì gbàdúrà tán tí ọwọ́ ò yá, ṣé ẹ máa ń dúró de ìmísí ni, àbí ẹ kàn ń kun ọ̀dà lọ?