Ara ọkọ̀ àlòkù wo ló yẹ ká tú kó tó lọ sórí òṣùwọ̀n?

Ọmọ Ìsánlú:
Ẹ̀yin ará wa, okun o. Ọkọ̀ akẹ́rù 504 tí bàbá wa fi ń kó iṣu lọ sí Kàbà ti dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn ilé wa. Àwọn tó ń ra irin àlòkù fẹ́ wọ̀n ọ́n lódindi, ṣùgbọ́n ìyá wa ní kò sí ohun tó wà lára rẹ̀ tí kò ní ìwúlò. Kí ni ká kọ́kọ́ tú, kí sì ni kò yẹ kó wà nítòsí àwọn ọmọdé?

Ajórin Kàbà:
Òótọ́ ni ìyá yín sọ. Ẹ kọ́kọ́ tú sípíríǹgì ẹ̀yìn, àwọn irin pẹlẹbẹ tó to léra wọn yẹn, nítorí irin tó le gan-an ni. Alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ yóò fi í sínú iná ẹwìrì títí yóò fi pọ́n, yóò lù ú di àdá tàbí ọkọ́, yóò sì ri ẹnu rẹ̀ bọmi kó lè mú. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ tún fi iná yá a díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnu rẹ̀ yóò máa kán nígbà tó bá bá òkúta pàdé, ẹ sì mọ bí òkúta ṣe pọ̀ tó nínú oko wa.

Ríìmù dára fún ààrò èédú. Ẹ jó ẹsẹ̀ irin mẹ́ta mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì tẹ́ wáyà onírin sínú rẹ̀ kí èédú má baà já bọ́. Atẹ́gùn yóò máa gba àwọn ihò ìsàlẹ̀ wọlé. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án ná. Tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, alumíníọ̀mù ni, ìyẹn a sì máa yọ́ tí ooru bá tó nǹkan bí 660 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́sì.

Ìyá Ìyàrá:
Ẹ gbin ata sínú táyà, àmọ́ ẹ lu ihò sí i nísàlẹ̀, torí omi òjò tó bá dúró sínú rẹ̀ ni ẹ̀fọn máa ń yé sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi táyà wi ẹran. Májèlé ni èéfín rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Mọ̀pà:
Bátìrì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ má tú u, ẹ má sì da omi inú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tà á lódindi. Òjé ló kún inú rẹ̀. Ní ọdún 2010, òjé tó wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé ní ìpínlẹ̀ Zamfara pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400.

Ọmọ Ìsánlú:
Ẹ ṣeun gan-an. Bátìrì yóò bá àwọn oníirin lọ lódindi. Ríìmù kan yóò di ààrò ìyá wa, a ó sì fún ilé-ẹ̀kọ́ abúlé wa ní ìkan kí wọ́n fi ṣe agogo. Ta ló mọ alágbẹ̀dẹ tó ṣì ń rọ sípíríǹgì láàárín Mọ̀pà sí Ẹ̀gbẹ̀?