Ọkọ mi ní ìgbà 21 lóṣù ni kò ní jẹ́ kí jẹjẹrẹ mú òun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Dámi: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi, ó ti sú mi ni. Iléṣà la wà, ẹ̀lùbọ́ ni mò ń tà lọ́jà Àtàkúmọ̀sà, láti aago márùn-ún àárọ̀ ni mo ti ń gbé àpò, tí mo bá fi máa délé ẹ̀yìn mi á ti kú. Ọkọ mi wá gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì pé àwọn dókítà òyìnbó ní ọkùnrin tó bá ń bá obìnrin sùn ní ìgbà 21 lóṣù, jẹjẹrẹ próstéètì, ìyẹn nǹkan kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ò ní mú un. Látìgbà yẹn mi ò rímú mí. Tí mo bá ní ó rẹ̀ mí, á ní ṣé mo fẹ́ pa òun ni. Ìyá ẹ̀ ń gbè é. Owó ẹ̀lùbọ́ mi ló mú fi ra àgúnmu lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kiri, kò dá a padà. Ní Sátidé ó ní tí mi ò bá lè ṣe é òun á wá ẹni tó lè ṣe é. Ọdún 27 la ti fẹ́ra o. Ṣé òótọ́ tiẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí?

Ìyá Ìbejì: Áà, bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ nìyẹn, ó ní dókítà ní kóun máa rìn lálẹ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, àṣé Mọ́dákẹ́kẹ́ ló ń rìn lọ, ọmọ méjì ló wà níbẹ̀ kí n tó gbọ́. Àbúrò, la ojú ẹ o.

Bàbá Sọjí: Ẹ̀yin obìnrin ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Èmi náà ka ìwádìí yẹn, kì í ṣe irọ́. Ọkọ ẹ ni, kí ló dé tó o fi ń fi du u?

Ìyá Ìbejì: Bàbá Sọjí, ṣé ẹni tó gbé àpò ẹ̀lùbọ́ látàárọ̀ kì í ṣe èèyàn ni? Ara ẹ̀ ni, tó bá ní ó rẹ òun, ó rẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ ní sùúrù. Ìwádìí yẹn wà lóòótọ́, àwọn Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, wọ́n gbé e jáde ní 2016. Ọkùnrin bí 32,000 ni wọ́n ń tọ̀ lẹ́yìn láti 1992 títí di 2010. Àwọn tí àtọ̀ wọn ń jáde tó ìgbà 21 lóṣù, ewu jẹjẹrẹ próstéètì tiwọn fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tó jẹ́ ìgbà 4 sí 7. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ọkùnrin náà ni wọ́n ti gba iye ìgbà, òyìnbó ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ó lè jẹ́ pé ara wọn ló ti le tẹ́lẹ̀. Àtọ̀ tó jáde lójú àlá náà, wọ́n kà á mọ́ ọn, kò síbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n lọ fẹ́ obìnrin míì. Kì í sì í ṣe oògùn fún ẹni tó ti ní in. Ìyá Dámi, ọmọ ọdún mélòó lọkọ yín? Ṣé ó ń tọ̀ dáadáa?

Ìyá Dámi: Ọmọ ọdún 58 ni. Ara ẹ̀ le koko. Ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ owó mi, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì ni o.

Bàbá Sọjí: Ẹ dáhùn nípa ìtọ̀ yẹn ṣáájú. Ní 2018 èmi náà ń dìde lóru, mo rò pé mo ti kú tán, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní próstéètì mi ló kàn tóbi, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Oògùn ni mò ń lò títí dòní.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ìyá Dámi, lóru ń kọ́?

Ìyá Dámi: Ó ń dìde, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ó gé orí kẹ́ẹ̀gì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo máa ń gbọ́ ọ, á kán tó, á dúró, á tún kán tó, tó, màá ti sùn lọ kó tó parí. Mo rò pé àgbà ni. Lọ́jọ́ Túsìdeè tí mo fẹ́ da kẹ́ẹ̀gì yẹn nù, ó pọ́n bí omi sobo. Ó ní àgúnmu ló ń fọ inú òun.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá la sì sin ní 2021, ẹ̀yìn ló ń dùn ún, gbogbo wa ń pè é ní làkúrègbé, nígbà tó fi máa dé ọsibítù kò lè rìn mọ́, wọ́n ní próstéètì ló ti wọ egungun. Ọkọ mi ò dárúkọ ẹ̀ mọ́ látìgbà yẹn. Mi ò so wọ́n pọ̀ rí àfi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀rù ló ń bà á. Olúwa ṣàánú.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ nìyẹn o! Ẹni tí ọmọ ìyá ẹ̀ ní in, ewu tiẹ̀ tó ìlọ́po méjì, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀, àwa aláwọ̀ dúdú sì ni àìsàn yìí ń mú jù. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ lè jẹ́ kòkòrò, ó lè jẹ́ bíi ti Bàbá Sọjí, àyẹ̀wò ló máa sọ. Kó dá àgúnmu yẹn dúró. Ọsibítù Wesley Guild kò jìnnà sí yín. Kí wọ́n yẹ ìtọ̀ ẹ̀ wò, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún PSA, ìyẹn èròjà tí próstéètì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Kí àtọ̀ má jáde lára ẹ̀ fún ọjọ́ méjì ṣáájú, ó máa ń gbé PSA sókè. Tí ìtọ̀ bá há pátápátá, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́.

Bàbá Sọjí: Ìyá Dámi, ẹ má bínú sọ́rọ̀ mi àkọ́kọ́. Tó bá fẹ́ ọkùnrin tó máa bá a lọ, èmi náà wà ní Iléṣà.

Ìyá Dámi: Ẹ ṣé sà. Mo ti fi ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Kò pariwo, ó kàn jókòó sójú àtẹ̀gùn. Ó ní Mọ́ńdè. Ó wá ń bi mí ṣé òótọ́ ni pé wọ́n á ki ìka bọ òun nídìí. Nọ́ọ̀sì, kí ni kí n sọ?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ má purọ́ fún un. Ẹ ní wọ́n lè ṣe é, kì í tó ìṣẹ́jú kan. Láti alẹ́ Fráídè, ẹ̀yin méjèèjì ẹ sùn.