Wọ́n fẹ́ yí ọ̀nà tí ìpè ń gbà wọlé padà: kí ni kí n ṣe kó tó di ọjọ́ náà?

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ọgbọ́n yín ni mo wá gbà. Àwa mẹ́sàn-án la wà níléeṣẹ́ mi. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fóònù wa wà: fóònù orí tábìlì mẹ́rin, àwọn tó kù ń lo áàpù lórí fóònù ọwọ́ wọn. Àná ni àwọn olùpèsè fóònù wa kọ ímeèlì sí mi pé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, àwọn ń kó gbogbo oníbàárà lọ sórí sáfà tuntun, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ìpè, ọ̀nà tí ìpè ń gbà wọlé yóò sì yí padà. Wọ́n to àwọn àdírẹ́sì IP kan (nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) kalẹ̀, wọ́n ní kí n fún ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ wa. Èmi náà ni onítọ̀hún o! Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Wáyà
Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí wa. Ẹ má tíì fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ mú bébà àti gègé. Gbogbo nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ yín ń sanwó fún, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, títí kan èyí tí ẹ rò pé ẹnikẹ́ni ò pè mọ́. Ìwé owó tí olùpèsè ń fi ránṣẹ́ ni kí ẹ ti wò ó, ẹ má gbára lé ìrántí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù ọwọ́ ẹni tí kò sí nínú ètò yín pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e. Ẹ jẹ́ kó dún títí yóò fi débi tó máa parí sí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló kọ́kọ́ dún fún, ó pẹ́ tó ìṣẹ́jú-àáyá mélòó, ibo ló yà sí, ohùn ta lẹ gbọ́ gbẹ̀yìn.

Ìyá Ìbejì
Há, bàbá, iṣẹ́ nìyẹn o. Ṣé mi ò kàn lè ya fọ́tò ojú-ewé ètò náà ni?

Bàbá Wáyà
Ẹ yà á, kò burú. Bí ààyè bá wà láti gba ẹ̀dà ètò náà sínú fáìlì, ẹ gbà á pẹ̀lú, kí ẹ fi ọjọ́ sí orúkọ rẹ̀. Àmọ́ fọ́tò kì í dún.

Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà kan, a tún ọ̀nà ìpè ṣe. Lójú ìwé, ó dùn ún wò: bí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò bá gbé ìpè láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 25, kó lọ sí fóònù ọwọ́ ọ̀gá, bí ọ̀gá ò bá gbé e láàárín 20, kó lọ sí voicemail iléeṣẹ́ (ibi tí ènìyàn ti ń fi ohùn sílẹ̀), kí ẹ̀rọ sì fi ohùn náà ránṣẹ́ sí ímeèlì gbogbo wa. Ohun tí kò sí lójú ìwé ni pé fóònù ọwọ́ ọ̀gá ní voicemail tirẹ̀, òun sì ń gbé ìpè lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 15. Lójú ẹ̀rọ wa, ènìyàn ti gbé e, ó ti parí. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni àwọn oníbàárà fi ń rojọ́ sínú fóònù ọ̀gá tó wà ní ìsinmi. Àwa tó wà lọ́ọ́fíìsì ń yọ̀ pé ọ̀sẹ̀ yẹn dákẹ́ rọ́rọ́!

Àǹtí Kánádà
Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí. Ṣé ẹ kàn dín 20 yẹn kù ni?

Bàbá Wáyà
Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe nìyẹn, a sọ ọ́ di 12. Kò tó. Bí fóònù ọwọ́ bá kú tàbí tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, voicemail rẹ̀ máa ń gbé ìpè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò dúró de ìkankan. Ohun tó tán an ni pé kí ẹ̀rọ bi ẹni tó gbé e pé, "Tẹ 1 láti gba ìpè yìí." Voicemail ò lè tẹ 1. Ọ̀pọ̀ olùpèsè ló ní i, ẹ wá a nínú ètò yín níbi tí wọ́n ti ń darí ìpè sí nọ́ńbà ìta.

Ọmọ Sáfà
Ẹ káàsán, mọ̀mí. Nípa àdírẹ́sì IP tí wọ́n tò yẹn, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Ṣé ẹ ní firewall (ẹ̀ṣọ́ tó ń pinnu ohun tó lè wọlé tàbí jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tí ẹnìkan dìídì ṣètò, àbí router lásán, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, tí iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì gbé wá ni?

Ìyá Ìbejì
Router lásán ni, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wá ṣe nǹkan sí i nígbà tí a kọ́kọ́ kó wọlé. Mi ò mọ ohun tó ṣe.

Ọmọ Sáfà
"Nǹkan" yẹn gan-an ló yẹ ká mọ̀. Bó bá jẹ́ router lásán, àwọn fóònù yín fúnra wọn ló ń jáde lọ bá sáfà, router á jẹ́ kí wọ́n kọjá, ẹ ò ní ṣe ohunkóhun. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin yẹn bá ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé àdírẹ́sì báyìí-báyìí nìkan ni fóònù lè bá sọ̀rọ̀, sáfà tuntun ò ní wọlé àfi bí ẹ bá fi í kún un.

Bí ẹ bá fẹ́ fi í kún un, ẹ ṣọ́ra, oríṣi méjì ni ohun tó ń kọjá. SIP ló ń jẹ́ kí fóònù dún, ẹnu ọ̀nà (port) 5060 tàbí 5061 ló sábà máa ń gbà. Ohùn ènìyàn fúnra rẹ̀ ń gba ọ̀nà mìíràn, ẹnu ọ̀nà tó pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, nígbà míì láti àdírẹ́sì mìíràn pátápátá. Bí ẹ bá ṣí ti àkọ́kọ́ tí ẹ gbàgbé èkejì, fóònù á dún, ẹ ó gbé e, ẹ ó máa pariwo "Hẹ́lòó? Hẹ́lòó?", kẹ́lẹ́ ẹ ò ní gbọ́. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ẹ̀yin á gbọ́ tiwọn, wọn ò ní gbọ́ tiyín.

Ẹ tún wò ó bóyá "SIP ALG" wà ní títàn nínú router. Ẹ pa á. Wọ́n ṣe é pé kó ran fóònù lọ́wọ́, àmọ́ ìdàrú rẹ̀ ló pọ̀: á máa tún àdírẹ́sì inú ìsọfúnni ìpè kọ, á sì ṣì í kọ.

Bàbá Wáyà
Òótọ́ ni. Kí ẹ má sì yọ àwọn àdírẹ́sì àtijọ́ kúrò lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí lọ. Ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ méjì. Bí tuntun bá já, tí wọ́n dá yín padà sí ti tẹ́lẹ̀, ọ̀nà á ṣì wà.

Ọmọ Sáfà
Ohun kan ṣì wà, mọ̀mí. Ẹ wo inú ètò fóònù orí tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Níbi tí wọ́n ti kọ sáfà, ṣé orúkọ ni, tó ní lẹ́tà, àbí nọ́ńbà IP? Bó bá jẹ́ orúkọ, fóònù á wá ibi tí sáfà kó lọ fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà ni wọ́n kọ sí i, ọ̀nà ilé àtijọ́ ni yóò máa lọ.

Àǹtí Kánádà
Ẹ bi wọ́n bí nọ́ńbà yóò ṣe máa wọlé lórí sáfà tuntun o! Tèmi nìyí. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe nọ́ńbà wa láàárín orílẹ̀-èdè ló ń wọlé. Nígbà tí wọ́n yí i padà, ó wá ń wọlé ní ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní E.164, ìyẹn àmì +, kóòdù orílẹ̀-èdè, kí nọ́ńbà tó kù tẹ̀ lé e, kò gbọdọ̀ ju díjíìtì 15 lọ. Ó rọrùn láti fojú fo, àmọ́ fún ẹ̀rọ, 020 àti +4420 (tí méjèèjì jẹ́ ti London) kì í ṣe ẹnìkan náà. Òfin tí mo kọ pé "bí ìpè bá wá sórí nọ́ńbà báyìí, kó lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣirò owó" ò rí ẹni tó ń wá mọ́. Gbogbo ìpè wá ń já sí ibi tí ìpè tí kò ní olówó ń já sí. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀dọ̀ ọmọ tuntun kan tó wà lẹ́nu kíkọ́ iṣẹ́ ni. Ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Àwọn nọ́ńbà tí ẹ ti dí pa náà ńkọ́? Àwọn náà á jí padà bí ẹ kò bá tún wọn kọ.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣé gan-an ni. Èyí ò sí nínú ímeèlì wọn rárá. Mà á bi wọ́n. Ṣé íntánẹ́ẹ̀tì wa á gbé e? A ò ní èyí tó yára púpọ̀.

Ọmọ Sáfà
Á gbé e. Ìpè kan pẹ̀lú codec G.711 (ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà sọ ohùn di dátà) kì í ju nǹkan bí kilobit 87 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ní àlọ àti ní àbọ̀. Bí ẹ̀yin mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án bá jọ ń sọ̀rọ̀, kò tó megabit kan. Bí ohùn ṣe ń pẹ́ lọ́nà ló ṣe pàtàkì. Kí ìdádúró láti ẹnu dé etí má ju 150 mílísẹ́kọ́ńdì lọ, ìmọ̀ràn ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, nìyẹn. Ẹ béèrè orílẹ̀-èdè tí sáfà tuntun wà. Bó bá jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ó máa já ara yín lẹ́nu gbà.

Bàbá Wáyà
Mo fẹ́ fi ti pàjáwìrì kún un, torí àwọn ènìyàn máa ń gbójú fò ó. Bí fóònù bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àdírẹ́sì iléeṣẹ́ tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ olùpèsè ni àwọn tó ń gba ìpè pàjáwìrì máa ń lò láti mọ ibi tí ẹ wà. Bí wọ́n bá ń kó yín lọ sórí ẹ̀rọ tuntun, ẹ lọ wò ó bóyá àdírẹ́sì yẹn bá a lọ, àti pé ti ìsinsìnyí ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ń pè ní Kari's Law ti fìdí múlẹ̀ láti oṣù kejì 2020: ètò fóònù tí wọ́n bá tà tàbí fi sílẹ̀ láti ìgbà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ènìyàn pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì wọn, tààrà, láìkọ́kọ́ tẹ 9 láti rí ìlà ìta. Kí ẹnikẹ́ni má pe 911 tàbí 999 (ti ìlú ọba) láti dán an wò o! Ẹ bi olùpèsè bí wọ́n ṣe ń dán an wò lọ́dọ̀ wọn.

Àǹtí Kánádà
Aago náà ńkọ́? Bí ìpè yín bá ń yà sí ibòmíràn lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́, ẹ wò ó bóyá agbègbè aago ti ara yín ni sáfà tuntun ń lò. Ìlú ọba ń yí aago padà lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta, ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ti yí tiwọn lọ́jọ́ Àìkú kejì oṣù náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta yẹn, ẹni bá gbé aago tí kì í ṣe tirẹ̀ á máa ti ilẹ̀kùn mọ́ oníbàárà fún wákàtí kan lójoojúmọ́.

Ìyá Ìbejì
Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n gbà láti kó nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ ṣáájú, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ láàárọ̀, kí á fi í dán an wò. Nọ́ńbà á sì máa wọlé pẹ̀lú àmì +, gẹ́gẹ́ bí Àǹtí Kánádà ṣe wí.

Bàbá Wáyà, mo ṣe iṣẹ́ tí ẹ rán mi ní alẹ́ àná, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti lọ. Márùn-ún ni mo rò pé a ní, méje ló wà nínú ìwé owó. Mo pe ìkẹfà, mo gbé fóònù ọwọ́ sétí, ni mo bá ń gbọ́ ìró kékeré kan láti ibòmíràn. Mo pa fóònù dé, ó dákẹ́. Mo tún pè é, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo bá ìró yẹn lọ títí dé kọ́bọ́ọ̀dù tí router wà, mo gbé páálí bébà kúrò, fóònù orí tábìlì karùn-ún rèé, wáyà ṣì wà lára rẹ̀, iná rẹ̀ ń tàn! Ti ọmọbìnrin kan tó kúrò lọ́dọ̀ wa lọ́dún tó kọjá ni. Ìpè tí kò bá gbé á lọ sí voicemail rẹ̀. Ohùn mọ́kànlélógún ló wà níbẹ̀.

Nọ́ńbà yẹn ló wà nísàlẹ̀ gbogbo ìwé owó tí a fi ń ránṣẹ́.

Bàbá Wáyà
Ẹ̀! Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn mọ́kànlélógún yẹn tán, kí ẹ sì kó wọn pamọ́ sínú fáìlì lónìí. Ohùn inú voicemail kì í sábà bá ènìyàn lọ sórí sáfà tuntun.