Ṣé kí n gba yàrá ní Serampore, àbí kí n fara dà á ní Kolkata?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kolkata, ní Íńdíà, ti gbà mí wọlé, àmọ́ owó ilé ìgboro ju agbára mi lọ. Wọ́n wá júwe yàrá kan fún mi ní Serampore, ìlú kékeré létí odò Hooghly. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì. Ìyá àgbà kan ló ni ilé náà, èdè Bẹ̀ngálì nìkan ni wọ́n gbọ́, wọ́n sì ní àwọn kò fẹ́ ẹran màlúù nínú ilé àwọn. Màmá mi ní kí n má lọ, pé ta ni màá máa bá sọ̀rọ̀? Èmi tiẹ̀ ń rò ó pé bóyá màá máa se ẹran ní bòókẹ́lẹ́. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Àbúrò, má dán an wò! Òórùn ọbẹ̀ kì í dákẹ́. Ẹran ewúrẹ́ wà, ẹja sì wà lóríṣiríṣi, òróró músítádì tí wọ́n fi ń dín in nìkan ló máa ta ọ́ nímú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo gbé Rishra tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ewédú wà lọ́jà wọn. Paat shaak ni wọ́n ń pè é. Igi rẹ̀ náà ni wọ́n ń bó, tí wọ́n fi ń hun irú àpò tí a ń kó kòkó sí. Ní Rishra yẹn gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ran òwú rẹ̀ ní Íńdíà, ní 1855. Kókò náà wà, kochu ni tiwọn. Ṣùgbọ́n dídín ni wọ́n ń dín ewédú o, nítorí náà gbé ìjábẹ̀ rẹ dání.

Màmá Ìbàdàn
Ṣé kò sí ilé níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà ni?

Akọ̀wé
Ẹran kọ́ ni màá kọ́kọ́ béèrè. Onílé tó bá gba àlejò ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀mù àlejò (Form III, tí wọ́n ń pè ní Form C tẹ́lẹ̀) ránṣẹ́ sí FRRO, ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ àwọn àlejò sílẹ̀, láàárín wákàtí 24, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí físà ẹ̀kọ́ rẹ bá ju ọjọ́ 180 lọ, ìwọ náà á forúkọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 14 tí o bá dé. Ta ni yóò bá ìyá àgbà ṣe tiwọn? Má sanwó kí o tó mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Abẹ́òkúta
Màmá Ìbàdàn, ẹ fọkàn balẹ̀. Serampore College ti wà níbẹ̀ láti 1818, ìlú náà kò ṣàì ní ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àárọ̀ ni ìṣòro: ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Howrah, ibùdókọ̀ ńlá tó kọjú sí Kolkata, máa ń kún bámú. Bí o bá jẹ́ obìnrin, wọ yàrá ọkọ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún obìnrin, kí o sì ra tíkẹ́ẹ̀tì olóṣooṣù. Bí ilé ìwé rẹ bá wà lápá Sealdah, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá inú Kolkata, wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Barrackpore lódìkejì odò, kí o wọ rélùwéè níbẹ̀.

Ní ti èdè, apni ni “ẹ” tiwọn, tumi ni “o”. Má ṣe tumi fún onílé o! Mashima ni kí o máa pè wọ́n. Ọmọdé ibẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àgbà, ẹni tó mọ ìkúnlẹ̀ kò ní pẹ́ kọ́ ìyẹn. Ọwọ́ òsì kò sì dáa níbẹ̀ náà, ìyẹn kò tún yẹ kí a máa kọ́ ọ.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Mo béèrè ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù àlejò yẹn. Ọmọ-ọmọ wọn ló dáhùn lórí WhatsApp, ó ní òun ti ṣe é rí fún akẹ́kọ̀ọ́ ará Nepal kan, kí ó tó rántí pé àwọn ará Nepal kò nílò rẹ̀. A jọ rẹ́rìn-ín, ó ní òun á kọ́ ọ. Màá rí i pé ó yé e kí n tó sanwó. Mo ti jáwọ́ nínú ẹran. Màmá mi kò tíì gbà tán, àmọ́ láti ìgbà tí mo ti ka ti ewédú yẹn fún wọn, wọ́n ti lọ ra ìjábẹ̀ méjì. Wọ́n ní ọ̀kan jẹ́ ti ìyá onílé.