Àwọn àgbà Sábó ń sọ̀tàn, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ sọ owó ilé

Ọmọ Alóbì: Ẹ kú ilé o. Sábó l'Àkúrẹ́ níbí ni wọ́n bí mi sí. Obì gbàǹja ló gbé bàbá bàbá mi wá láti Kánò, kò sì padà mọ́. Àwa márùn-ún la ń fi fóònù gba ohùn àwọn àgbà àdúgbò sílẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n dé, ẹni tó gbà wọ́n sílé, iye tí wọ́n ń san. Tó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe dé, wọ́n á sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí n bá ti dárúkọ owó ilé báyìí, wọ́n á panu mọ́. Bàbá kan ní kí n pa fóònù, onílé ò gbọdọ̀ gbọ́. Ó sì ti lé lógójì ọdún nínú yàrá kan ṣoṣo yẹn! Màmá mi ń san 60,000 náírà lọ́dún 2019 fún yàrá àti pálọ̀. Ní báyìí wọ́n ní 250,000. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ kó àwọn àgbà yìí jáde kí n tó kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Báwo ni kí n ṣe bi wọ́n?

Màmá Ìjọ̀mú: Ọmọ mi, o ṣeun. Má bèèrè iye. Bèèrè ohun tí wọ́n tà kí wọ́n tó rí owó náà san. Kí o sì bi wọ́n ní ti 1976, tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wọ́ wá, onílé tó ti ń wá ayálégbé kiri wá ń ṣa ẹni tó wù ú. Kò sẹ́ni tó yálé nígbà yẹn tó máa gbàgbé.

Ará Òkè Àró: Àbúrò, Los Angeles ni mo wà. Àwọn ọmọ Mẹ́síkò ló ń gbé àdúgbò Chavez Ravine níbí tẹ́lẹ̀. Ní 1950, ìjọba kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n ta ilé wọn, àwọn fẹ́ fi ibẹ̀ kọ́lé fún mẹ̀kúnnù. Wọn ò kọ́ ọ. Ní 1959 wọ́n fipá gbé àwọn tó kù jáde. Nígbà tó fi di 1962, pápá béésìbọ́ọ̀lù ló wà níbẹ̀. Nítorí náà, wá risíìtì owó ilé àwọn àgbà yẹn. Yà á ní fọ́tò, bo orúkọ onílé.

Ọmọ Alóbì: Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá láàárọ̀ yìí, mi ò mú fóònù dání. Mo ní apẹ̀rẹ̀ obì mélòó ni wọ́n tà kí wọ́n tó rí owó yàrá yẹn san lọ́dún àkọ́kọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wọlé, wọ́n gbé agolo bisikíìtì kan jáde. Risíìtì ló kún inú rẹ̀, ti 1981 ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n ní kí n wá lọ́la lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, kí n mú fóònù náà bọ̀.